Ibi Tí Òkété Gbẹ́lẹ̀ Sí

Lọ́dún tí a ra ilẹ̀ sẹ́yìn ìlú Bìní, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wa láti Ọ̀wọ̀ ni. Bí aládùúgbò bá ti kí wọn kú oríire ọmọ, wọ́n á ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òkété gan-an ló máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín wa.

Inú oko rọ́bà àtijọ́ ni ilẹ̀ náà wà. Apá òkè rẹ̀ ga díẹ̀, igi àti ọ̀gán wà níbẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì sún mọ́ títì. Ìsàlẹ̀ lọkàn èmi àti ìyàwó mi wà. Bàbá, tí wọ́n ti ṣọdẹ rí, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń fi ọ̀pá tú koríko. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí.

"Ka ihò òkété tó wà níbí."

Mo ka mẹ́rin lápá òkè: méjì lábẹ́ gbòǹgbò igi, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán.

"Mélòó ló wà nísàlẹ̀?"

"N kò rí ìkankan, Bàbá."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Òkété kò fẹ́ràn oòrùn, inú ihò ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà abẹ́ ìbòòji ló ń wá. Gbòǹgbò igi ń di ilẹ̀ mú kó má baà ya lé e lórí. Ara ọ̀gán sì rèé, ikán ti bá a gbẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe yàrá kan ló ń gbẹ́ o: ibi tó ń sùn lọ́tọ̀, ibi tó ń tọ́jú ẹ̀kùrọ́ tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó wálé lọ́tọ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ máa ń ju ẹyọ kan lọ, ó sì ń fi ewé dí i láti inú.

"Ẹni tó kó oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀," Bàbá ní, "ṣé á gbẹ́lẹ̀ síbi tí omi máa bá a?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ọdẹ nìyẹn. Lóṣù Kejìlá, a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ nísàlẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Oxford gbọ́ ọ lórí fóònù, ló bá ní ẹranko kan wà nínú igbó tiwọn tó ń jẹ́ badger, tí ìlà dúdú àti funfun wà lójú rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ní igi lòun náà fẹ́ràn, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí omi kì í dúró. Bó bá rí irú ibẹ̀, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ lè máa gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ọdún 1992 kò sì gbà kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ba ihò rẹ̀ jẹ́ láìgbàṣẹ.

"Wọ́n gbọ́n," Bàbá ní. Inú bí mi díẹ̀.

Oṣù Keje dé. Omi kún ìpìlẹ̀ wa dé orúnkún, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi lọ. Sìmẹ́ńtì tí a kó pamọ́ di òkúta. Mo gòkè lọ wo àwọn ihò: yẹ̀pẹ̀ tuntun wà lẹ́nu wọn, ó gbẹ. Bàbá kò sọ pé àwọn ti wí. Wọ́n ní kí n lọ mú ọkọ́ wá.

Òkè la kọ́lé sí níkẹyìn. A fi igi kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná pẹ̀lú ihò méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má tọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí ejò náà mọ ibi tó dáa. Ìyàwó mi ṣì ń ráhùn. Lálẹ́ àná, ó tún wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ.