Ọjà Ni Kí Ẹ Ná, Ẹ Má Ṣe Ná Òógùn Ènìyàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti mọ ọjà ná láti ìgbà tí a ti ń di aṣọ ìyá wa mú lọ sí ọjà. A mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ọjà ná, owó ohun mẹ́ta ni yóò fi ra ẹyọ kan. Ìnájà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kí ó dúró, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ kan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Puerto Vallarta, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò.

Àkọ́bí wa obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi lọ kí wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú wa lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan ní etí òkun. Ẹni tí ó bá ní físà Amẹ́ríkà tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá lè wọ Mẹ́síkò láì gba òmíràn, nítorí náà kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹrin tí a débẹ̀, àwọn ọmọ kó àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ sí etí omi. Èmi àti ìyá wọn gbé àpò kọ́ apá, a ní àwa yóò fi ẹsẹ̀ rin ìlú. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi ti ku ti ọjọ́ méjì péré. Ẹnu wa ti ń fẹ́ ọbẹ̀ ata. A sì fẹ́ ra ẹ̀bùn díẹ̀ fún àwọn ará ilé.

Ìlú tí ó dára ni Puerto Vallarta. Òkun ńlá wà níwájú rẹ̀, àwọn òkè Sierra Madre wà lẹ́yìn rẹ̀, odò kan tí wọ́n ń pè ní Cuale sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Òkúta róbótó ni wọ́n tò sí àwọn òpópónà àtijọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá wọ bàtà onígìgísẹ̀ yóò jẹ̀yà. Abúlé kékeré ni ibẹ̀ nígbà kan. Las Peñas ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 1918, nígbà tí wọ́n fi orúkọ Ignacio Vallarta, ẹni tí ó ti jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Jalisco, pè é. Ní ọdún 1963, àwọn òṣèré láti Amẹ́ríkà wá ya fíìmù kan ní ẹ̀gbẹ́ ìlú náà. Àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀lé wọn, òkìkí ìlú kàn, àwọn àlejò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn olùgbé ibẹ̀ ti lé ní 290,000.

Ọ̀nà tí ó wà létí òkun ni a kọ́kọ́ gbà. Malecón ni wọ́n ń pè é, mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Bí a ti ń lọ, a rí òpó gíga kan tí àwọn ọkùnrin gùn dé orí rẹ̀. Wọ́n fi okùn so ara wọn, wọ́n sì da ara wọn sílẹ̀ lórí òfo, wọ́n ń yí òpó náà po ní àdoríkodò títí wọ́n fi balẹ̀, ẹnì kan sì jókòó sókè ṣónṣó, ó ń fọn fèrè. Ìyàwó mi di ojú. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gbé àpótí owó kiri. Bí ó ti ń súnmọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilé oògùn ni a yà sí tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń rìnrìn àjò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára páálí oògùn, tí kò mọ orúkọ oògùn náà gan-an. Orúkọ ti páálí lè yí padà láti ìlú dé ìlú. Ìyàwó mi ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé pélébé kan: amlodipine, mílígíráàmù 5. A kò gbọ́ èdè Sípáníìṣì, ẹni tí ń ta oògùn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ó ti ka ìwé náà, ó ní, "Amlodipino," ó sì gbé e jáde. Yàrá dókítà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn náà. Irú wọn pọ̀ ní Mẹ́síkò, pàápàá láti ọdún 2010, tí ìjọba ti fi òfin le e pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà. Owó tí wọ́n ń gbà kò pọ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi, ó wà bí ó ti yẹ, ọkàn wa sì balẹ̀.

A wá kọjá sí ọjà tí ó wà létí odò Cuale. Ohun kan wà tí ó lè dẹ́rù ba àlejò níbẹ̀: àmì dọ́là ni wọ́n fi ń kọ owó pésò tiwọn. Nígbà tí ìyàwó mi rí àpò kan tí wọ́n kọ $340 sí lára, ó ní, "Áà! Ta ni yóò ra èyí?" Pésò ni. Dọ́là kan tó nǹkan bí pésò 17 ní oṣù náà, nítorí náà nǹkan bí ogún dọ́là ni owó àpò náà. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni ìyàwó mi, ó mọ àpò. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó rí i pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán an, ó rí ẹgbàágbèje irú rẹ̀ tí ó so mọ́ ògiri, ó sì ná an. Òǹtajà náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ iye tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ìyàwó mi tẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, wọ́n pàdé sí 220. Inú àwọn méjèèjì dùn. Bí ọjà ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà tí a jáde, a bá obìnrin kan tí ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ọmọ kékeré kan ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà Wixárika ni, àwọn tí ilé wọn wà lórí àwọn òkè Jalisco àti Nayarit. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà fi gbajúmọ̀. Wọ́n a fi ìda oyin pa inú igbá tàbí ara igi gbígbẹ́, wọ́n a sì máa tẹ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di àwòrán òdòdó, àgbọ̀nrín tàbí oòrùn. Obìnrin yìí ń fi abẹ́rẹ́ hun ẹ̀gbà ọwọ́. Kò gbé orí sókè títí a fi dúró. Ìyàwó mi mú ọ̀kan, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó béèrè iye rẹ̀. Obìnrin náà na ìka méjì, ó tún ká ìka kan sí ìlàjì: 250. Ìyàwó mi ka owó náà pé, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Ìyá wọn, ẹ ò ná an?"

Ó ní, "Bàbá wọn, kí ni kí n ná níbẹ̀? Àpò ọjọ́ṣí, ọjà ni. Èyí, ojú àti ọwọ́ obìnrin yìí ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń ra aṣọ ní iye tí aláṣọ bá pè é, tí wọ́n á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi kí wọ́n tó rántí pé owó kò sí. Owó aṣọ, wọ́n san án. Owó ìránṣọ ni wọ́n fẹ́ kí n gé. Mo mọ bí ó ṣe ń rí lára."

Ẹ̀yin ará, mo ti ń wàásù fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwàásù tí mo gbọ́ lẹ́bàá afárá yẹn kò gba ìṣẹ́jú méjì, ó sì wọ̀ mí lára.

Lẹ́yìn èyí, a lọ ra ohun ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun jìnnà sílé ní Mẹ́síkò, kí ó wọ ibi tí wọ́n ń ta oúnjẹ. Ata kan wà tí wọ́n ń pè ní habanero. Ata rodo wa náà ni, irú kan ṣoṣo ni wọ́n. Àgbàdo tí àwọn bàbá wa ń gbìn, Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, kí ó tó gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ń rẹ ẹ́ sínú omi, a ń lọ̀ ọ́, a ń sẹ́ ẹ di ògì. Àwọn ń sè é pẹ̀lú ohun funfun kan tí wọ́n ń sun láti ara òkúta, irú èyí tí àwọn bíríkìlà àtijọ́ fi ń kun ògiri. Èèpo rẹ̀ á bó, oúnjẹ inú rẹ̀ á sì ṣe ara lóore ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn á lọ̀ ọ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọn á yan án. Tortilla ni wọ́n ń pè é. A ra kílò kan ní gbígbóná, obìnrin tí ń tà á sì fi ẹyọ kan kún un. Ọkọ ọmọ wa sọ fún wa lẹ́yìn náà pé pilón ni wọ́n ń pe irú àfikún bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Èènì ni wọ́n ń sọ!"

Ilé ìtajà ńlá kan ni a parí sí, nítorí òróró àti ìrẹsì. Níbi tí a ti ń sanwó, bàbá arúgbó kan dúró ní ìdí tábìlì, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó wọ épírọ́ọ̀nù. Ó kó àwọn ohun líle sí ìsàlẹ̀ àpò, ó fi tòmátì lé òkè, ó wé tortilla wa sọ́tọ̀ kí ó má baà tutù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí ó bàjẹ́. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ilé ìtajà náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tò sẹ́yìn wa, ló ṣàlàyé fún wa. Àwọn àgbà tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nípasẹ̀ àjọ ìjọba tí ó wà fún àwọn arúgbó. Wọn kì í gba owó oṣù. Ohun tí oníbàárà bá fi lé wọn lọ́wọ́ ni gbogbo èrè wọn. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, wọ́n ní kí wọ́n padà sílé. Àwọn ilé ìtajà kan gbà wọ́n padà lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn kò gbà wọ́n mọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba ń fún ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 ní owó ìrànwọ́. Ní ọdún 2024, pésò 6,000 ni fún oṣù méjì méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí pésò ọgọ́rùn-ún ni ó bọ́ sí lójúmọ́.

Ìyàwó mi fi owó sí ọwọ́ bàbá náà, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé. Bàbá náà fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó tọ́ka sókè ọ̀run. A kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àdúrà ni.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ìlú ìsinmi kì í sinmi. Bí ẹnì kan bá ń sinmi níbẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń ṣiṣẹ́ kí ìsinmi náà lè dùn: ẹni tí ń so ara rẹ̀ rọ̀ lórí òpó, ẹni tí ń hun ìlẹ̀kẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, àgbà tí ń di ẹrù fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó náwó gọbọi sórí ọkọ̀ òfurufú àti ilé ìtura, tí ó wá ń fi ogún pésò bá irú àwọn wọ̀nyí jà, kò fi ìyẹn tọ́jú owó. Agbára rẹ̀ kò ká ẹni ńlá, ó wá ń mú ẹni kékeré.

Kò sì dìgbà tí a bá dé Mẹ́síkò. Alábàárù tí ó ru ẹrù wa dé ibi mọ́tò, ẹ kì í dá iye fún un kí ó tó gbé e, ẹ ó sì gé e nígbà tí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀? Obìnrin tí ń fọ aṣọ fún yín ńkọ́? Aránṣọ yín ńkọ́? Òfin tí Ọlọ́run ti ọwọ́ Mósè fún Ísírẹ́lì nínú Léfítíkù orí 19 kò gbà kí owó alágbàṣe sùn mọ́ wa lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Bí owó tí ó sùn bá burú, owó tí a gé ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ máa ná ọjà, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín láti ná an. Ẹ bá ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ná an, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ agbára apá ẹnìkan ni ẹ ń rà, ẹ dá iye kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ san án pé, ẹ san án lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ àgbà tí ó yẹ kí ó ti jókòó sílé, ẹ fi èènì kún un. Ọjọ́ ogbó kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa.