Ọkọ̀ tó ń ké lórí bọ́ǹpù

Ọkọ̀ tó ń ké "kíì-kíì" ní gbogbo bọ́ǹpù, ṣé ẹ ti kíyè sí i pé tí òjò bá rọ̀, ó máa ń dákẹ́?

Kò tíì sàn o. Omi ló bá a panu mọ́.

Rọ́bà ló sábà máa ń ké bẹ́ẹ̀: búṣì lower arm, tàbí ti stabilizer. Ọyẹ́, eruku àti ọjọ́ pípẹ́ ti gbẹ ẹ́, ló bá ń ha irin.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ da omi díẹ̀ sí búṣì kan, kí ẹnì kan máa fọwọ́ ti imú ọkọ̀ wálẹ̀.
Tó bá ṣì ń ké, ẹ bọ́ sí òmíràn.
Èyí tó bá dákẹ́ lẹ́yìn omi, òun ni ọ̀daràn.

Ẹ má kàn fi gírísì lásán pa á o. Ó máa ń jẹ rọ́bà, á wú, á sì rọ̀. Ti silicone ló bá a mu.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bí ẹ bá ń yí steering ló ń ké, tó tún ń dún "gbàgà" nínú kòtò, ball joint ni kí ẹ fura sí.
Ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ omi. Tó bá yọ lójú ọ̀nà, táyà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Kí ló wá dé tí àwọn mẹkáníìkì kan kì í tíì fetí sílẹ̀ tí wọ́n á fi ní "ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì wá"?

Tiyín ńkọ́? Níbo ni ariwo náà ti wá gan-an?