Ọpẹ́ Tó Fo Ènìyàn Dá

Pásítọ̀ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òbí ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ ọ́ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú wa.

Ẹni tó bá ń dúró níwájú ìjọ máa ń rí ohun tí ẹni tó jókòó kò rí. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ìdílé kan á jó dé iwájú pẹpẹ. Bàbá á di àpòòwé ọrẹ mú, gèlè ìyá á ga, aṣọ wọn á bára mu láti orí bàbá dé orí ọmọ ẹ̀yìn. Onílù á máa lù ú sí wọn létí. Láti ibi tí mo dúró sí, mo tún ń rí obìnrin tó rán aṣọ náà. Nínú ìjọ kan náà ló wà. Ó jókòó lápá òsì, kò jó, kò pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ wà lára ọrùn aṣọ tó fi òru rán. Wọn kò tíì san owó iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ọmọkùnrin tó ń jó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ní kó lọ sọ fún obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé màmá kò sí nílé.

Kí ni ọmọ yẹn rí kọ́? Ó kọ́ pé Ọlọ́run là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, pé ènìyàn là ń sá pamọ́ fún. Ìwàásù mi ọjọ́ náà kò lè pa á rẹ́.

Ẹ rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú ìwé Lúùkù, orí 17. A máa ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́sàn-án tí kò padà bíi pé ilé ọtí ni wọ́n gbà lọ. Ẹ tún un kà. Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n sì wà. Ohun tí òfin Mósè wí ni wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo, ará Samáríà, ló yí padà. Ó gbé ohùn sókè, ó yin Ọlọ́run, ó sì wá dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni tó wò ó sàn. Ó ṣe méjèèjì. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí pásítọ̀ ni pé èèyàn lè wà lọ́nà ilé Ọlọ́run kó ti gbàgbé ọpẹ́ sẹ́yìn.

Àwọn tó tọ́ wa kò gbà fún wa bẹ́ẹ̀. Bí o bá jẹun tán, wàá kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sè é àti ẹni tó fowó rà á, wọ́n á sì ní kó gba ibi ire. Bí ẹnì kan bá ṣe yín lóore lánàá, ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ tán lónìí kí ẹ tó lọ kí i pé ẹ ṣé àná. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní báyìí, ọmọ á jẹun tán, á ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, á padà sídìí fóònù. Ẹ má tíì bú u. Bàbá rẹ̀ náà jẹun tán, kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó rẹ̀. Mo ti sọ èyí ní ìpàdé àwọn ọkùnrin, arákùnrin kan sì dá mi lóhùn pé, "Pásítọ̀, ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni?" Mo ní òjò rírọ̀ náà ńkọ́, ṣebí iṣẹ́ Ọlọ́run ni? Ẹ sì ń dúpẹ́ rẹ̀. Ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, n kò tiẹ̀ tíì dé ibẹ̀.

Ìnáwó ayé ìsinsìnyí wá mú kí kíkọ́ ọmọ ní ọpẹ́ le sí i. Ẹ ò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó tuntun wọ́n bí ojú. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára ògiri, nítorí ẹni tó fẹ́ ṣọrẹ kò rí owó mú dání. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Owó padà sígboro, nọ́ńbà àkáǹtì kò kúrò lára ògiri. N kò bá a jà, ó rọrùn fún akápò. Àmọ́ ọmọ kì í rí bàbá rẹ̀ mọ́ kó ki ọwọ́ bọ àpò, kó ka owó, kó rò ó wò, kó tó yọ ọ́. Fóònù ni bàbá ń tẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè gbà tọkàntọkàn pé inú fóònù ni owó ń gbé, pé ẹni tó bá ní kò sí, kò kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni.

Nílé tiwa, tí a bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá mi, ìyàwó mi á pe àwọn ọmọ jọ. Ọ̀kan á ka nọ́ńbà àkáǹtì, ọ̀kan á tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti wọlé, a ó pe màmá, a ó sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn wọn. Màmá kì í dúpẹ́ ní kúkúrú. Wọ́n á kọ́kọ́ bá wa jà pé kí la ń náwó sí, ṣé owó ilé ìwé ti kúrò nílẹ̀ ni. Wọ́n á wá pe orúkọ bàbá mi tó ti lọ, wọ́n á ki àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àní Àjọkẹ́, àní Àkànní, wọ́n á wúre títí káàdì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ṣe àmín. Wọ́n mọ̀ pé owó náà kò tó nǹkan, nítorí àwọn ló tẹ iye rẹ̀.

Ọrẹ ọmọdé náà, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fa ₦50 lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ á lọ sọ ọ́ sínú àpótí, tàbí kó sọ ọ́ sọ́wọ́ ìyá tó ń dín pọ́fù-pọ́fù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Kò sí èyí tó dùn ún níbẹ̀, nítorí kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. A kàn rán an níṣẹ́ ni. Opó inú Máàkù orí 12 kò gba ẹyọ owó méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí agbára yín bá ká a, ẹ fún ọmọ ní owó tirẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí pọ́fù-pọ́fù àti bisikíìtì máa pè é láàárín ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ ìsinmi, kó pinnu. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ má nà án.

Ti owó àlejò ló burú jù. Ẹ̀gbọ́n yín wá kí yín, ó ń lọ, ó fún ọmọ ní ₦1,000. Ọmọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Àlejò kò tíì wọ bàtà tán tí màmá ti nawọ́: "Mú un wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀." Kò sí Yorùbá tí kò mọ ibi tí owó yẹn ń gbà lọ. Tí a bá dàgbà tán, a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó bá béèrè tí wọ́n bi í pé oúnjẹ tó ń jẹ ńkọ́. N kò ní kí ọmọdé máa kó owó kiri àdúgbò o. Ìwé kan wà lórí fíríìjì wa. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ iye owó sí i àti orúkọ ẹni tó fún un. Bí àwa òbí bá yá nínú rẹ̀, a ó kọ ọ́ pé a yá a. Orúkọ yẹn ṣe pàtàkì lójú mi ju iye owó lọ. Bó bá fi owó náà ra bàtà, ó mọ ẹni tó yẹ kóun lọ fi bàtà hàn.

Ẹ tún jẹ́ ká dín "kò sí owó" kù lẹ́nu wa. Nílé tí ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dún 2024 ti ń bọ́ ẹni mẹ́fà, ọ̀rọ̀ náà kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ sọ ọ́ fún lọ́jọ́ Ẹtì tó sì rí yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ ń lẹ owó mọ́ olórin lórí, ẹ ti pa irọ́ fún un nìyẹn. (Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 tiẹ̀ ka owó lílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bìkítà.) Ẹ sọ fún ọmọ pé owó wà, pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí ẹ sì ka iṣẹ́ náà fún un.

Èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fẹ́ kí n máa sọ ni ti ìdámẹ́wàá. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń san án. Àmọ́ nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn Farisí wí nítorí wọ́n fàyè gba ẹni tó bá sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé ohun tí òun ì bá fi tọ́jú wọn ti di ti Ọlọ́run. Nítorí náà, ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ ti tán lábúlé, tó wá gbé àpòòwé ka iwájú mi, ilé oògùn ni màá ní kó kọ́kọ́ gbà lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ náà ní mo ń ba ọjà jẹ́. Wọ́n wá ń rí ìran pé ìyá ẹni ló di owó ẹni mú, ọmọ á gbọ́, á dènà nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àjàyí Crowther àti ìyá rẹ̀. Crowther, tó ṣáájú gbogbo àwa tí ń fi Yorùbá wàásù, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó ti di àlùfáà. Níbẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn. Ìyá kò tíì di onígbàgbọ́; ọmọ kò tìtorí ìyẹn yẹra fún un. Ní 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Bàbá tó bá dènà nọ́ńbà ìyá rẹ̀ níṣojú ọmọ, kó fi nọ́ńbà tirẹ̀ náà sọ́kàn.

Nígbà tí ìdúpẹ́ ìparí ọdún ń bọ̀, mo kéde pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ san gbèsè télọ̀, ti tíṣà lẹ́sìnnì àti ti aláta, kí wọ́n mú ọmọ dání lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe wọ́n lóore, kí wọ́n tó gbé àpòòwé wá síwájú pẹpẹ. Akápò bá mi ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ọrẹ yóò dín kù, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé iyàrá àwọn ọmọdé ń jò. Ó dín kù lóòótọ́, òrùlé sì ń jò dòní. Mo ti ní kó kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ pé a ń wá káfíńtà, kó sì fi kún un pé ọjọ́ tó bá parí iṣẹ́ ni yóò gba owó rẹ̀.