Ohùn Ẹni Mẹ́fà Ni Mo Dá Tà

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ọsàn ní Fìdítì, ni mo ti fọwọ́ sí ìwé tó gba iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ wa. Ọdún 2004 ni. Ojú ewé méjì ni ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ẹni tí í kà á. N kò kà á. Ọkùnrin tó gbé e wá ń kánjú kó lè dé Ọ̀yọ́ kílẹ̀ tó ṣú, ó ti ka owó lé mi lọ́wọ́, ó sì ń pè mí ní ọ̀gá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fáráyé pé ńṣe ni wọ́n jí iṣẹ́ wa. Irọ́ ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti wúwo.

Àwa mẹ́fà ni, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin méjì, àwọn kan láti Fìdítì, àwọn kan láti Ìlọrà. A kì í kọ eré sílẹ̀. Ká tó jáde, ẹni tó ni ìtàn á pe gbogbo wa jọ, á ní: "Ìwọ ni baálé, o jẹ gbèsè. Ìwọ ni ìyàwó, o ò mọ̀ sí i. Ìwọ lo wá sin owó. Ibi tí ọmọ bá ti tú àṣírí la ó parí sí." Ó parí nìyẹn. Ohun tó bá kù, ẹnu oníkálukú ni yóò ti jáde. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí èrò bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kejì rẹ̀ ní láti mọ̀ bóyá kóun fèsì ni àbí kóun dákẹ́ kí ẹ̀rín náà gbilẹ̀ sí i.

Èmi àti bàbá kan, ará Ìlọrà, la sábà máa ń kojú ara wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ti kú nínú eré, mo gbàgbé. Bàbá ní ta ló rán mi wá, mo ní, "Màámi ni." Inú gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Bàbá rọra ṣí fìlà lórí, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ẹ gbà mí! Ọmọ yìí ti ń rí wọn!" Èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Láti orí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn la ti ṣe ìdajì wákàtí eré tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀, eré ọmọ tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, òun náà ló wá di eré tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa jù lọ. Èmi ni mo ṣìṣe. Àwọn ni wọ́n fi àṣìṣe mi dá eré. Ta ni kí á pè ní oníṣẹ́ náà?

Iṣẹ́ àtayébáyé ni ní agbègbè wa. Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́ làwọn alárìnjó ti ṣẹ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé irú rẹ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, níbi tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959: awò ràgbàtà lójú, aago ńlá lára, Ẹgbẹ́ Aláwàdà lẹ́yìn wọn. Àwa náà dé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn. Wọ́n béèrè ìwé eré, a ní a ò ní. Wọ́n ní ká ṣe díẹ̀ wò. Nígbà tá a ṣe tán, wọn ò béèrè ìwé mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí èrò tí yóò rẹ́rìn-ín, kámẹ́rà nìkan ló ń wò ọ́. Mímí ara wa la wá ń tẹ́tí sí. Àmọ́ àwọn eré tí à ń ṣe káàkiri ìlú, owó ara wa la fi ń ká wọn sínú fídíò. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo tà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ ìtàn Bàbá Sàlá dáadáa, èmi gan-an ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ní ọdún 1982 ni wọ́n gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Owó ńlá ni wọ́n yá sí i. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú, owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló sì gbójú lé. Kí fíìmù náà tó rìn tó bó ṣe yẹ, àwọn olè ti dà á kọ sínú fídíò, ó ti dé ọjà. Ta ni yóò sanwó wo ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń wò nínú yàrá? Gbèsè ni wọ́n bá jáde níbẹ̀. Wọ́n ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ yẹn ò san títí tí wọ́n fi papò dà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Tiwọn, olè ló jí i. Mo mọ èyí, mo sì tún gba gègé lọ́wọ́ àjèjì.

Ọ̀kẹ́ méje àtààbọ̀ náírà, ₦150,000, ni àjèjì náà san. Mo fún àwọn márùn-ún yòókù ní ₦15,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn pé mo yá a ní kásẹ́ẹ̀tì fún ọdún díẹ̀ ni. Ìdajì owó wà lọ́wọ́ mi. Wọn ò béèrè ìwé, torí wọ́n fọkàn tán mi.

Ọdún 2021 ni èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ podcast ní Ìlọrà. A fi fóòmù ibùsùn di ojú fèrèsé kí ariwo ọ̀kadà má wọlé. Bàbá ti kú nígbà náà. Mo ní ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì kan tó ṣẹ́ kù sílé, mo bá fi ohùn wọn sí i. Àwọn èèyàn ń pè wá láti òkè òkun, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò pé ọdún kan tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ra kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Mo gbé ìwé ọjọ́sí lọ bá agbẹjọ́rò kan. Ó kà á fún mi: gbogbo ẹ̀tọ́ pátá, ní gbogbo ọ̀nà tó wà àti èyí tí wọn ò tíì dá sílẹ̀. Ó ní òfin Nàìjíríà sọ pé èèyàn kò lè gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátá àyàfi nípa ìwé. Ká ní ẹnu lásán ni mo fi bá ọkùnrin yẹn ṣe é, ẹ̀tọ́ náà kì bá tí lọ. Ó ní àádọ́ta ọdún ni ẹ̀tọ́ fíìmù ń lò lẹ́yìn ọdún tó jáde. Bó bá jẹ́ ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, títí di ìparí ọdún 2054 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè: "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni?"

N kò lè fèsì.

Mo lọ sílé opó bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan owó. Ìyá ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn ọkọ àwọn. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn lórí fóònù. Nígbà tó dé ibi "Ọmọ yìí ti ń rí wọn," wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní, "O ò bá ti bi wá."

A ti tún podcast náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré tuntun. Mo ti ní kí agbẹjọ́rò kọ ìwé àdéhùn, orúkọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà níbẹ̀, ìpín kan náà, ti bàbá sì jẹ́ ti ìyá. Mo ti ń san ìdajì owó tí mo jẹ padà, mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta. Ẹ̀yin méjì tó kù, tí ẹ ti kó kúrò ní agbègbè wa, Afijió, bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín lára, ẹ dárí jì mí, ẹ wá sí Ìlọrà. Ẹ má fọwọ́ síwèé náà lójú mi. Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹni tí ẹ fọkàn tán kà á fún yín.