Igi Gbígbẹ́ àti Ilé Ọlọ́run, láti Ọ̀tà dé Ọyẹ́-Èkìtì

Nígbà tí James White, ọmọ Sàró tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán níṣẹ́ ìhìnrere, dé Ọ̀tà ní 1854, ìlú Àwórì tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rinlẹ̀ ni ó bá, ìyẹn eré tí àwọn ọkùnrin fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, tí wọ́n ń gbé ère onígi karí, tí wọ́n sì ń wọ aṣọ obìnrin jó. White kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n nítorí pé ìwàásù ìgbà náà ka ère àti òrìṣà sí ohun kan náà, ẹni tó bá gba Jésù ní láti kẹ̀yìn sí méjèèjì. Àdánù ńlá ni, torí ọwọ́ tí ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì í gbẹ́.

Ẹ̀rí èyí wà ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll, míṣọ́nnárì Kátólíìkì láti inú ẹgbẹ́ SMA, ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti 1947 títí di 1954. Lára wọn ni Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, àti Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ìtàn Bíbélì ni Carroll gbé fún wọn. Ọgbọ́n gbígbẹ́, tiwọn ni. Ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń tọ̀: ọ̀nà lílé, tí a fi ń yọ ìrísí ère jáde lára ìtì igi, alétúnlé, tí a fi ń ya orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, dídán, tí a fi ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí ẹnu ọ̀bẹ fi ń la ojú, irun àti ọnà aṣọ. Báyìí ni àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ tuntun ṣe di ọba Yorùbá lábẹ́ ọ̀bẹ wọn, tí kò sì sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ọlá wọn fún ará Èkìtì. Ní 1954, Fákẹ́yẹ gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọ̀tà òde òní, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún agbègbè Ṣàngó rẹ̀, kò ṣaláìní ilé ìsìn tó kàmàmà: Faith Tabernacle, tí wọ́n ṣí ní Canaanland ní 1999, ní àyè ìjókòó 50,400. Títóbi ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ojú ń kà bí ìwé, apá dé apá, ni ó yẹ ìlú tó bí àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀sìn agbẹ́gilére kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́, nítorí Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ tó gbẹ́ ti Ìbàdàn.