Ohun Tó Tán Lọ́wọ́ Ló Kọ́ Wa Níṣẹ́

Àwọn ìyá ṣọ́jà kì í gbà fún mi bọ̀rọ̀. Wọ́n á rí i pé mo ti gé ẹran tó kú kúrò lójú ọgbẹ́ ọmọ wọn, mo ti fi omi ṣàn án dáadáa, síbẹ̀ n kò rán an. “Dókítà, ṣé òwú ló tán ni?”

Òwú ò tán. Ọta ìbọn kì í dá wọlé. Á wọ́ ẹrẹ̀ àti aṣọ mọ́ra wọnú ẹran. Ẹni tó bá rán irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdọ̀tí ló tì mọ́nú. Ó di bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tí kò sì sọyún, kí a tó pa á dé. Ogun Àgbáyé Kìíní ló fi ojú àwọn oníṣẹ́ abẹ ológun rí màbo kí wọ́n tó gba èyí gbọ́.

Ṣùgbọ́n òróró tán lóòótọ́ lọ́wọ́ Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ológun ará Faransé, nílùú Turin ní nǹkan bí ọdún 1537. Òróró gbígbóná ni wọ́n ń dà sójú ọgbẹ́ ìbọn nígbà náà, torí wọ́n ní májèlé wà nínú ẹ̀tù. Ló bá po pupa ẹyin mọ́ òróró róòsì àti tọ́pẹ́ńtáìnì. Ilẹ̀ mọ́, àwọn tí kò da òróró sí lára ló sùn gbádùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, dókítà ló tán. Ibà ń pa àwọn dókítà òyìnbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá rán àwọn ọ̀dọ́ Sàró lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní 1855. William Broughton Davies wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò-ẹrú ló bí i. Africanus Horton, ọmọ Ìgbò ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì di dókítà ológun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn òyìnbó ò fẹ́ wọn rárá, ètò náà ò sì lọ jìnnà. N kò gbọ́ orúkọ Davies rí ní kíláàsì. Ti Larrey, dókítà Napoleon, la há sórí.

Horton ò kọ̀wé lórí ìbọn. Sòbìyà ló kọ ìwé lé lórí ní 1868. Ó yé mi: kì í ṣe ọgbẹ́ ìbọn, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń kún bẹ́ẹ̀dì wa ní bárékè.