Ìgò Inú Eérú

Ní ilé ìyá àgbà mi ní Iléṣà, a kì í sọ ìgò nù. Ìgò bíà tó bá ti ṣófo ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀pà yíyan tà. Àwọn tó kéré gba àdí, àwọn tó ga gba epo pupa, ti àgbo ibà sì wà ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ọmọ tó bá fọ́ ọ̀kan yóò jẹ́jọ́. Nítorí náà, ẹnu yà mí nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní London sọ fún mi pé inú ààtàn ni wọ́n ti hú gbogbo ìgò tó tò sójú fèrèsé wọn jáde. Púpọ̀ nínú wọn ti lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nínú ilẹ̀ láìfọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n mú mi dání. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ṣọ́bìrì.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi jókòó ti máàpù àtijọ́ tí Ordnance Survey yà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. À ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òde òní. Níbi tí kòtò amọ̀ wà lójú ti àtijọ́, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti tẹ́jú lójú ti ìsinsìnyí, ìbéèrè wa ni pé: kí ni wọ́n fi dí i? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí ni.

Ẹ̀gbẹ́ Sittingbourne ní Kent ni bàbá fi ìka tọ́ka sí. Láyé ọjọ́un, bí London ṣe ń fẹ̀ sí i, bíríkì tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ń ti Kent wá, nínú ọkọ̀ ìgbòkun tó ń gba odò Thames. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í padà lófìfo. Ìdọ̀tí ilé àwọn ará London ni wọ́n ń kó bọ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni eérú èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé. Àwọn oníbíríkì a jọ̀ ọ́. Wọ́n a po eérú kíkúnná mọ́ amọ̀ kí bíríkì lè jó jinná dé inú, wọ́n a sì fi èédú tí kò tíì jó tán dáná. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sínú asẹ́, ìyẹn àwo fífọ́, egungun àti ìgò, a lọ sínú kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀. Ìgò tí ará London mu ọtí inú rẹ̀ tán ti kọ́kọ́ rin ìrìnàjò náà kí èmi tó wọ ọkọ̀ ojú irin tọ̀ ọ́ lọ.

Bàbá kọ̀wé sí ẹni tó ni oko, a sì gba àṣẹ rẹ̀ kí a tó gbéra. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, olè ni, ì báà jẹ́ àpáàdì ló rí. Etí odò Thames pàápàá ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Port of London Authority, bí kò tilẹ̀ ní gbẹ́lẹ̀ rárá, ohunkóhun tó bá sì ti lé ní 300 ọdún, ó gbọ́dọ̀ fi tó òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ ní London Museum létí.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ni a lọ, nígbà tí òtútù ti pa koríko, tí ojú sì lè rí ilẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ ojú irin fi gbé wa láti Victoria dé Sittingbourne. Ẹ̀yìn ọgbà èso kan ni kòtò náà wà, igi ti bò ó. Èmi kò rí nǹkan kan, àfi ẹrẹ̀. Bàbá ní kí n wolẹ̀ dáadáa. Pòròpórò ewéko kan tó máa ń jóni lára bí èsìsì dúró gbẹ níbẹ̀, ó pọ̀ ju ti àyíká lọ, torí pé ó fẹ́ràn ilẹ̀ tí wọ́n ti da ìdọ̀tí sí. Lẹ́nu ihò ehoro, eérú dúdú ti tú jáde pẹ̀lú ìkarahun àti èérún àwo aláwọ̀ búlúù. Ehoro ti bá wa yẹ ilẹ̀ wò.

Irinṣẹ́ wa kò pọ̀: fọ́ọ̀kì ńlá tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀ oko, ṣọ́bìrì, irin kékeré kan tí a fi ń họ ilẹ̀, garawa, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà rọ́bà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti rí i dájú pé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àwa méjèèjì kò tíì kọjá àkókò, nítorí dígí fífọ́ àti irin dídípẹtà kún inú ilẹ̀ náà.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo rí ìdí ìgò kan tó yọ lára ògiri kòtò. Ara mi kò gbà á mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bàbá fa apá ẹ̀wù mi sẹ́yìn kíá. “Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé,” ni wọ́n wí. Eérú kò di ara rẹ̀ mú. Bí a bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, òkè yóò ya lulẹ̀ bo ẹni tó wà nínú kòtò, ó sì ti pa ènìyàn rí. Òkè ni a ti ń wá sísàlẹ̀, kòtò wa kò sì gbọdọ̀ ju ìbàdí lọ. Àyà mi já, mo sì tọrọ àforíjì.

Láti òkè náà ni mo ti gbẹ́ dé ibi ìgò yẹn. Ìgò yíǹkì kékeré ni, kò tó àtàǹpàkò méjì ní gíga, ẹnu rẹ̀ rí gbágungbàgun. Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo fi èékánná tọ ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sókè. Ìlà náà parẹ́ lọ́rùn kó tó dé ẹnu, tó fi hàn pé ọwọ́ ni wọ́n fi parí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Michael Owens ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1903 ló mú kí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gun dé ẹnu pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni ọrùn ìgò Codd ń jáde ṣáá. Hiram Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba àṣẹ lórí ìgò náà ní 1872. Bọ́ọ̀lù dígí kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹlẹ́rìndòdò ló sì máa ń tì í mọ́ òrùka rọ́bà láti fi dé ẹnu. Márùn-ún ni a rí, gbogbo wọn ló fọ́, kò sì sí bọ́ọ̀lù nínú ìkankan. Àwọn ọmọdé ìgbà yẹn ti fọ́ wọn, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù inú wọn ṣeré.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ kí ìka mi tó kan nǹkan tó ní ìlà gọ́rọgọ̀rọ lára. Mo fi ọwọ́ tú eérú kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìgò olójú mẹ́fà ni, ó búlúù bí aró tó kanlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé NOT TO BE TAKEN, pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ìgò májèlé ni. Bàbá ní àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn nígbà náà, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀wé kà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fín ìlà sí i lára, kí ẹni tó bá na ọwọ́ sí oògùn lóru lè ti ara ìka mọ̀ pé òun ti ṣì í mú.

Mo jókòó sórí garawa, mo sì di í mú fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ òru ni mo máa ń ṣe jù. Mo mọ bí ọwọ́ aláìsàn ṣe máa ń táràrà lórí tábìlì láago mẹ́ta òru. Ẹni tó ṣe ìgò yìí ti ronú kan ọwọ́ yẹn.

A kó àwọn tó fọ́ padà sínú ilẹ̀, a dí kòtò, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Bàbá ní bí a ṣe fi ilẹ̀ onílẹ̀ sílẹ̀ ló ń pinnu bóyá yóò tún gbà wá láàyè. Nílé, mo rẹ ìgò méjèèjì sínú omi tútù di ọjọ́ kejì, nítorí omi gbígbóná lè la dígí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ tútù jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo fi àwòrán wọn han màámi lórí fóònù. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Èyí aláró yẹn dára o. Kí lo máa rọ sínú rẹ̀?”

“Mi ò ní rọ nǹkan kan sí i, mà. Ìgò májèlé ni.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Mo ní kí wọ́n fojú inú wò ó pé iná ti lọ, pé kò sí àtùpà, pé ọwọ́ wọn ló ń wá oògùn kiri. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn nípa àwọn ìlà náà.